Iye Owó Tí A Fagi Lé

Obìnrin tó ń ta tòmátì ní ọjà Bódìjà dá ike kan lé ₦5,000. Ẹni tó fẹ́ rà á ní ₦3,000 lòun máa san. Wọ́n wí tẹnu wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n fajú ro díẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ₦3,800. Kò sí ẹni tó máa pe obìnrin yìí ní òpùrọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé látìgbà tó ti la ẹnu ló ti mọ̀ pé òun kò ní rí ₦5,000 gbà. Ní ọjọ́ kan náà, ẹlòmíràn jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Agbowó, ó ṣí áàpù ìtajà kan lórí fóònù, ó rí bàtà kan. Wọ́n kọ ₦18,000 síbẹ̀, wọ́n fagi lé e, wọ́n wá kọ ₦12,000 sábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ pupa. Kò sí ẹnì kankan tó san ₦18,000 lórí bàtà yìí rí. Ẹni tó ń tà á kò sì fìgbà kan rò pé ẹnikẹ́ni máa san án. Ṣé irọ́ nìyẹn? Bó bá jẹ́ irọ́, kí ló dé tí ti obìnrin Bódìjà kò fi jẹ́ irọ́?

Iṣẹ́ mi ló gbé ìbéèrè yìí bá mi. Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ. Ìyá kan tó ti ń ta bàtà àti báàgì kí wọ́n tó bí mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù lágbègbè Ring Road, pè mí pé kí n wá ṣe ètò ẹ̀dínwó sínú áàpù tí wọ́n fi ń tajà. Ó ti rí bí Jumia ṣe ń pariwo Black Friday ní oṣù kọkànlá, ó ti rí èyí tí Konga ń pè ní Yakata, ó sì fẹ́ kí tòun náà rí bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣáà bá mi ṣí àyè méjì. Màá máa kọ iye àtijọ́ sí ọ̀kan, màá kọ iye tuntun sí èkejì. Kí ìlà wà lórí àtijọ́ yẹn."

Mo ní, "Ó dáa, mà. Níbo la ti máa rí iye àtijọ́ náà?"

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ. "Ṣebí èmi ni màá kọ ọ́."

Nínú kóòdù, iṣẹ́ kékeré ni. Àyè méjì, ìlà kan. Kọ̀ǹpútà kò ní béèrè bóyá òótọ́ ni iye àtijọ́ náà, ohun tí wọ́n bá kọ sí i ló máa gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó wá di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́.

Àwọn kan rò pé ìṣirò lásán ni ẹ̀dínwó, pé kò sí ohun tó kan ìwà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Báàgì kan jẹ́ ₦20,000. Ṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó bá rà á lọ́sẹ̀ yìí yóò gba ẹ̀dínwó ìdá 10 nínú 100. Ẹni tó fẹ́ rà á tún ní kóòdù ọwọ́ rẹ̀ tó ń yọ ₦1,000. Bí a bá kọ́kọ́ yọ ìdá 10, ó ku ₦18,000. A yọ ₦1,000, ó ku ₦17,000. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ yọ ₦1,000, ó ku ₦19,000. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ ₦1,900, ó wá ku ₦17,100. Ọgọ́rùn-ún náírà dúró sáàárín méjèèjì. Ta ló ni ín? Ìṣirò kò sọ ọ́. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ló ń pinnu èyí tó máa ṣáájú, ẹni tó ń rajà kò sì ní mọ̀ láéláé pé ẹnì kan pinnu ohunkóhun lórí owó òun.

Tàbí kí a mú "ra méjì, gba ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́." Ọkùnrin kan ra ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦6,000, ó san ₦12,000. Ọ̀kan kò bá a mu, ó dá a padà. Èló ni ká fún un? Bí a bá ní ọ̀fẹ́ ló dá padà, kò ní gba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ òun náà kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá fún un ní ₦6,000, ọlọ́gbọ́n kan máa dé lọ́la tó máa dá méjì padà, á gba ₦12,000 rẹ̀ pé pérépéré, á sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ sílé. Èmi pín in sí mẹ́ta: ₦4,000 ni mo kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí rìsíìtì, iye yẹn náà ni ẹni tó bá dá ọ̀kan padà yóò gbà. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun ń tajà ní Dùgbẹ̀, ọjà tó bá ti kúrò lórí àtẹ kì í padà wá.

Aago náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ ti rí i lórí fóònù: "Ó ku wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 14." Bí a bá jẹ́ kí áàpù gba àkókò láti ara fóònù ẹni tó ń rajà, ẹni náà lè fa aago fóònù rẹ̀ sẹ́yìn kó sì máa jẹ ẹ̀dínwó lọ títí ọdún á fi parí. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ilé ìtajà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tí aago wí. Gbogbo ẹni tó ń kọ irú ètò yìí ló mọ ìyẹn. A kì í jẹ́ kí oníbàárà fa aago sẹ́yìn. Àmọ́ àwọn aago kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti áàpù pa tí ẹ tún un ṣí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí 3. Níbẹ̀, ọlọ́jà ló ń fa aago sẹ́yìn. Ìyẹn kò fún mi ní ìṣòro kankan láti dá lẹ́jọ́. Aago tó ń sọ pé òpin ń bọ̀, tí kò sì ní òpin, irọ́ ni, kò gba àlàyé.

Ti iye tí a fagi lé ló ṣòro.

Èrò mi ni pé ₦5,000 ti obìnrin Bódìjà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń fẹ́. Ó ń sọ pé, "Iye tí ó wù mí kí n gbà nìyí." Ìfẹ́ ọkàn kì í ṣe irọ́, bó ti wù kó ga tó. Ẹni tó ń gbọ́ ọ náà mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, ó sì ní ẹnu tó lè fi dá a lóhùn. Àní bí ẹ bá san ₦5,000 náà láìsọ̀rọ̀, ó lè yà á lẹ́nu débi pé yóò fi èènì tó pọ̀ sí i fún yín. ₦18,000 tí a fagi lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ ọkàn rárá. Ìtàn ni. Ó ń sọ pé lánàá, iye yìí ni a tà á, àwọn ẹlòmíràn sì ti san án. Ẹ̀rí ló ń jẹ́. Ẹni tó ń jẹ́rìí ló sì lè purọ́.

Ẹnì kan á sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn àwọn ará ọjà, pé àwọn náà ń jẹ́rìí èké. Òótọ́ ni. "Iye tí mo rà á nìyẹn, mi ò jèrè kankan lórí ẹ̀." "Ẹni tó lọ tán yìí san ₦4,500." Àwa tó ń rà á náà ńkọ́? "Wọ́n ń tà á ní ₦2,500 lọ́hùn-ún." Ẹ ò tíì dé ọ̀hún. N kò ní gbèjà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwà tí kò dáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa ló ń hù ú. Ṣùgbọ́n ọjà fún ẹni tó ń ná a ní ohun kan tó fi lè wọn òtítọ́: ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ yí padà, ẹ rìn díẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ pé òun kò lè gbà á ní iye yẹn, ẹ óò rìn lọ. Bó bá jẹ́ ẹnu lásán ni, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn yín: "Ẹ padà wá, ẹ mówó wá!" Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ń wo ojú ní Bódìjà. Lórí áàpù, ojú kan ṣoṣo ló wà, ti ẹni tó ń rajà ni.

Àwọn kan wà láyé tí kò ní gbà pẹ̀lú mi pé obìnrin náà kò jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìjọ Kírísítẹ́nì kan tí wọ́n ń pè ní Quaker bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà nínínà sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó béèrè iye tó ju èyí tó máa gbà lọ ti purọ́, pé ó yẹ kí bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Iye kan ni wọ́n ń dá lé ọjà, fún ọmọdé àti àgbà, fún ẹni tó mọ ọjà ná àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tó ń sọ ọ́. Nígbà tí ìyá ọlọ́jà bá dá ọjà lé iye kan tó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú "èló lẹ fẹ́ san?", ó ti sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé iye àkọ́kọ́ kọ́ ni òpin. Kò fi ohunkóhun pamọ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé iye kan ṣoṣo tí a kọ sára ọjà, tó jẹ́ pé nítorí òtítọ́ ni àwọn yẹn ṣe fẹ́ ẹ, òun gan-an ló ṣí ilẹ̀kùn fún irọ́ tuntun. Àwọn òbí wa tó mọ Kingsway ní Dùgbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń ná ọjà. Ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ máa san. Bákan náà ló rí ní àwọn ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Kòkó àti ní Ring Road lónìí. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà ti kọ́ wa pé ká gbà á gbọ́ láìjiyàn. Nígbà tí áàpù wá kọ iye méjì, a gba méjèèjì gbọ́, nítorí a ti pàdánù àṣà wíwádìí rẹ̀. Etí tí a fi ń gbọ́ ti Bódìjà kọ́ la fi ń gbọ́ ti fóònù.

Nítorí náà, bí mo bá máa wá ohun kan ní ọjà tó jọ iye àtijọ́ tí kò sí rí, kì í ṣe iye tí wọ́n dá lé ọjà. Kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ni. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìta rẹ̀ rí bíi ti gbogbo kóńgò, ẹ ná ìrẹsì títí, ẹ jagun iye owó ẹ sì ṣẹ́gun, ẹ ò mọ̀ pé òṣùwọ̀n gan-an ni wọ́n ti fi rẹ́ yín jẹ. A lè jà lórí owó nítorí pé a gbà pé òṣùwọ̀n kò sí nínú ìjà. Iye àtijọ́ ni òṣùwọ̀n tí ẹni tó wà lórí áàpù fi ń wọn iye tuntun. Kò ní òmíràn.

Mo sọ èyí fún Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ìtìjú sọ ọ́, nítorí èèyàn kì í dúró níwájú ẹni tó jù ú lọ kó máa sọ̀rọ̀ kóńgò. Kò bínú. Ó béèrè ohun kan tó le ju gbogbo ohun tí mo ti rò lọ. Ó ní, "Bàtà yẹn, ₦12,000 ni owó rẹ̀. Ẹni tó rà á gba bàtà ₦12,000. Kí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Inú rẹ̀ tún dùn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń kọ ohun tó bá wù ú, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́rin ló ń bá mi ṣiṣẹ́ níbí. Tí mi ò bá tà, ìwọ lo máa san owó oṣù wọn?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ṣe àwàdà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2011, JCPenney, ilé ìtajà àtayébáyé kan, gba ọ̀gá tuntun, Ron Johnson, tó ti bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀bù Apple. Ó ní òun kò fẹ́ àṣà kí wọ́n gbé owó ga kí wọ́n tó já a wálẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2012, ó fagi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dínwó àti kúpọ́ọ̀nù, ó kọ iye kan tó rẹlẹ̀ sára ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà sá. Láàárín ọdún kan, owó tó ń wọlé fún ilé ìtajà náà já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, wọ́n ní kó máa lọ, kúpọ́ọ̀nù sì padà dé. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Àwọn tó ń sọ pé òtítọ́ kì í ná ọlọ́jà ní nǹkan kan kò tíì tajà rí.

Síbẹ̀, mo ní èsì sí "kí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀?" Owó kọ́ ló gbà. Ohun tó gbà ni ìpinnu tí ìbá ti ọwọ́ ẹni náà wá. Ọmọ ilé ìwé tó ní ₦12,000 ní Agbowó lè fi ra bàtà, ó lè fi san owó ìwé, ó lè fi pamọ́. Ó ń ronú. Iye tí a fagi lé yẹn bá a sọ̀rọ̀ nínú ìrònú rẹ̀ pé bó bá ra bàtà, ó jèrè ₦6,000. Bí ₦6,000 yẹn kò bá sí, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ti ti ọwọ́ bọ inú ìrònú rẹ̀, ó sì tẹ òṣùwọ̀n. Inú rẹ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ ni. Inú ẹni tí wọ́n fi kóńgò tí wọ́n tẹ̀ wọn ìrẹsì fún náà ń dùn títí dé ilé. Ẹnì kejì tó pàdánù ni ọlọ́jà tó kọ iye kan ṣoṣo, tó jẹ́ ₦11,500, tí kò sẹ́ni tó wò ó nítorí pé kò ní àwọ̀ pupa.

Kí ni òfin sọ? Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn, kó má sì gba iye tó ju èyí tó fi hàn lọ. Bí iye méjì bá wà níta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kéré jù ni oníbàárà máa san. Ìyẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n: bí ojú ìwé kan nínú áàpù bá ṣì ń fi ₦12,000 hàn tí èyí tó kàn sì ń sọ ₦14,000, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, ₦12,000 ni. Òfin náà tún ka ọ̀rọ̀ ìtànjẹ nípa ọjà léèwọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọṣepọ̀ Yúróòpù tilẹ̀ fi ọjọ́ sí i. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022, ẹni tó bá kéde ẹ̀dínwó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye àtijọ́ hàn, iye àtijọ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kéré jù lọ tó ti gbà lórí ọjà yẹn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, ṣáájú ẹ̀dínwó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga wọn tún sọ nínú ẹjọ́ Aldi, ilé ìtajà kan ní Jámánì, pé lórí iye yẹn gan-an ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣírò ìdá ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pariwo.

Inú mi kọ́kọ́ dùn sí òfin ọgbọ̀n ọjọ́ yìí, mo ní kí n kàn gbé e wálé. Náírà kò jẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni a gbọ́ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ní oṣù kẹfà wọ́n sì jẹ́ kí náírà lọ wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó fi di oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ NBS kéde pé ọ̀wọ́n ọjà ti dé ìdá 34.80 nínú 100 sí ti ọdún tó ṣáájú. Nínú irú ilé ayé bẹ́ẹ̀, ẹ ro báàgì kan tí Màmá ń tà ní ₦9,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ọjà tuntun dé, ₦12,000 ni òun fúnra rẹ̀ rà á, ó wá ń tà á ní ₦15,000 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá fẹ́ já a wálẹ̀ sí ₦13,000 kó lè rí owó yí. Ẹ̀dínwó tòótọ́ ni, ó ń yọ ọ́ nínú èrè ara rẹ̀. Lábẹ́ òfin àwọn ará Yúróòpù, kò lè pè é ní ẹ̀dínwó, nítorí ₦9,000 wà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Òfin tí wọ́n ṣe láti mú òpùrọ́ á pa olóòótọ́ lẹ́nu mọ́. N kò sọ pé òfin wọn kò dáa. Ibi tí owó ti ń dúró sójú kan ni wọ́n ti ṣe é.

Ohun tí mo wá ṣe rọrùn. Mo yọ àyè tí wọ́n ń kọ iye àtijọ́ sí kúrò pátápátá. Kò sí ibi tí ènìyàn kankan lè kọ ọ́ sí, ì báà jẹ́ Màmá, ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ọjà tí a ti tà ni kọ̀ǹpútà ti ń wá a: iye tí a gbà kẹ́yìn lórí ọjà yìí, lọ́wọ́ àwọn tó san án, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kan péré. Ó sì ń kọ ọjọ́ sí i: "A tà á ní ₦15,000 láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 17 oṣù yìí." Bí kò bá rí ẹni tó san án, iye kan ni yóò fi hàn, kò ní fagi lé nǹkan kan. Ẹ̀rí tó ní ọjọ́ lórí, ènìyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Màmá ní, "Ìyẹn ni pé o ò fọkàn tán mi."

Mo ní, "Mo fọkàn tán yín, mà. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ máa máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Bí àyè bá wà níbẹ̀, ọwọ́ á dé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí ọjà bá dá."

Ó gbà ká dán an wò fún oṣù kan, kò sì fi ayọ̀ gbà á. Ọjà tuntun tí a kò fagi lé kò yá bíi ti ẹni ẹ̀gbẹ́ wa, ó sọ ọ́ fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú. Àwọn oníbàárà ń pè é: "Màmá, ẹ̀dínwó dà?" Ohun tó ń fún wọn lésì kò sí nínú kóòdù mi. Ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ tàbí pólíìṣì sínú páálí bàtà wọn. Èènì ni. Kò kéde rẹ̀, wọ́n ti sanwó kó tó fi sí i, wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi tú páálí nílé. Mo ti rò ó wò: ẹ̀dínwó ń fa ènìyàn wá, èènì ń dúpẹ́ pé ó wá. N kò mọ bí a ṣe lè fi èènì purọ́.

Ohun kan wà tí a kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí títí di ìsinsìnyí. Áàpù lè mọ ẹni tó ti kó ọjà jọ tí kò sanwó, ó sì lè fi kóòdù ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí i lálẹ́. Màmá ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti "ẹ padà wá, ẹ mówó wá!" Èmi rí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jà ń wo aṣọ ọrùn mi kó tó dá ọjà lé iye kan fún mi, mo mọ̀ pé ó ń wò ó, mo sì lè wọ aṣọ iṣẹ́ lọ. Àwọn ọlọ́jà mìíràn a máa já owó fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé wọ́n rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, àánú ni. Áàpù ń wo ohun tí n kò mọ̀ pé mo fi hàn án, ẹni tó sì máa rí kóòdù gbà kì í ṣe ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a, ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ́ra ni. A ṣì ń bá a fà á.

Lọ́sẹ̀ kẹta, obìnrin kan pè láti Challenge. Ọjọ́ Ẹtì ló ra báàgì kan ní ₦15,000, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ̀dínwó gbé e wá sí ₦13,000. Ó ní ẹ dá ₦2,000 òun padà. Èmi rò pé kò ní ẹ̀tọ́ sí i, iye tó gbà láti san ló san, a kò purọ́ fún un. Àmọ́ ó sọ ohun kan tí Màmá kò lè gbàgbé: "Owó tèmi gan-an lẹ fagi lé yẹn." Òótọ́ ni. Òun wà nínú àwọn ẹlẹ́rìí wa.

Màmá ní kí n kọ ọ́ sínú ètò náà pé ẹni tó bá rà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ẹ̀dínwó yóò gba ìyókù owó rẹ̀ padà. Mo béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti gbé báàgì náà lọ sóde. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀, nítorí ẹni tí a bá ti dá ₦2,000 padà fún kò san ₦15,000 mọ́, kọ̀ǹpútà kò sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ àwọn tó san án.